Gram Parsons: Olórin tí àwọn ọ̀rẹ́ jí òkú rẹ̀ gbé, àti àwo orin kan tí kò tà

Ní alẹ́ ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1973, ọkùnrin méjì tí ọtí ti ń pa wa ọkọ̀ òkú kan dé pápákọ̀ òfurufú ìlú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ẹbí olóògbé ti yí ètò padà, pé pápákọ̀ mìíràn ni bàálù tí yóò gbé òkú náà yóò ti gbéra. Wọ́n fi orúkọ irọ́ bọ̀wé, wọ́n gbé pósí náà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti dáná sun òkú inú rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Joshua Tree.

Gram Parsons ni orúkọ olóògbé náà. Ẹni ọdún 26 ni. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ láwùjọ, ọ̀rọ̀ iná inú aṣálẹ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa rán ènìyàn létí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, oṣù mẹ́jọ ṣáájú ikú rẹ̀, ó gbé àwo orin àkọ́kọ́ tí ó ṣe ní orúkọ ara rẹ̀ jáde. GP ni àkọlé rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì. Orin 11 ló wà nínú rẹ̀. Àwo náà kò wọ àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà rárá, síbẹ̀ ọ̀nà tí ó là ni ọ̀pọ̀ olórin ṣì ń tọ̀ títí di òní.

Ọmọ inú ọlà tí kò lóbìí

Ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 1946 ni wọ́n bí i sí ìlú Winter Haven, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ingram Cecil Connor ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. John Snively, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, wà lára àwọn olóko ọsàn tó lówó jù ní Florida. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun òfurufú tó wà ní Pearl Harbor nígbà tí àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù síbẹ̀ ní ọdún 1941. Lẹ́yìn ogun, àwọn àna rẹ̀ fi í ṣe alábòójútó iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àpótí ọsàn ní ìlú Waycross, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ibẹ̀ ni Gram ti dàgbà.

Ibẹ̀ náà ló ti rí Elvis Presley. Ní oṣù Kejì ọdún 1956, Elvis wá kọrin ní gbọ̀ngàn ìlú Waycross, Gram tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì wà láàárín èrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Elvis yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá.

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì ọdún 1958 ku ọjọ́ méjì, bàbá rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni Gram nígbà náà. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ padà sí Florida, ó sì fẹ́ ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Robert Parsons. Ọkùnrin yìí gba àwọn ọmọ náà ṣe tirẹ̀ lábẹ́ òfin, bí Connor ṣe di Parsons nìyẹn. Àmọ́ ọtí líle ti wọ ìyá náà lára. Àrùn ẹ̀dọ̀ pa á ní oṣù Kẹfà ọdún 1965, ní ọjọ́ gan-an tí Gram ń gba ìwé ẹ̀rí pé ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹni ọdún 18 ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá, ṣùgbọ́n owó ogún oko ọsàn ń wọlé fún un lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ owó yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ó lè jókòó kọ orin láìronú ohun tí yóò jẹ lálẹ́. Òun kan náà ló sì jẹ́ kí ó lè kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sú u. Àwọn olórin tó bá a ṣiṣẹ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, èyí sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn lọ́pọ̀ ìgbà.

Yunifásítì Harvard gbà á wọlé ní ọdún 1965 láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn. Kò lò ju sáà ẹ̀kọ́ kan lọ níbẹ̀. Orin ló gbà á lọ́kàn, pàápàá orin kọ́ńtìrì, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí tẹ́lẹ̀.

Odi tó wà láàárín orin méjì

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní Nàìjíríà, Jim Reeves, Skeeter Davis, Don Williams àti Dolly Parton gba orí rédíò wọ ilé olówó àti ilé tálákà, kò sì sí ẹni tó béèrè irú ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn olùfẹ́ orin wọn ń dìbò fún nílé. Ní Amẹ́ríkà, odi gíga ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá irun sí, tí wọ́n ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì, tí wọ́n sì ń ta ko ogun Vietnam, gbà pé orin kọ́ńtìrì jẹ́ ti àwọn àgbà aláwọ̀ funfun apá Gúúsù tí kò fẹ́ kí ayé yí. Àwọn olórin kọ́ńtìrì náà rí àwọn onírun gígùn bí ọmọ tí a kò kọ́, tó sọ oògùn olóró di oúnjẹ.

Parsons fẹ́ràn ìhà méjèèjì. Ó tún fẹ́ràn orin ìjọ Ọlọ́run àti orin sóòlù tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń kọ. Ohun tó ń wá ni orin rọ́ọ̀kì tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú orin ìbílẹ̀ àwọn ará oko Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ó fi gbìyànjú èyí, International Submarine Band, gbé àwo Safe at Home jáde ní ọdún 1968. Kí àwo náà tó délé ìtajà, Parsons ti já ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ bá The Byrds, ẹgbẹ́ olókìkí tó wà ní Los Angeles. Ó yí àwọn wọ̀nyí náà lọ́kàn padà sí orin kọ́ńtìrì, àwo Sweetheart of the Rodeo sì jáde lára rẹ̀ lọ́dún náà. Iléeṣẹ́ tó ni ìwé àdéhùn Parsons tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀, ni Roger McGuinn tó ṣáájú ẹgbẹ́ bá fi ohùn tirẹ̀ rọ́pò ohùn Parsons nínú díẹ̀ lára àwọn orin náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1968, The Byrds gba àyè láti kọrin ní Grand Ole Opry ní Nashville, ètò orí rédíò tó jẹ́ ojúbọ orin kọ́ńtìrì. Orin Merle Haggard ni wọ́n ti kéde pé wọn yóò kọ. Lójijì ni Parsons yí i padà, ó kọ Hickory Wind, orin tirẹ̀ nípa ilé tó jìnnà, ó sì fi í jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Orí àwọn alákòóso gbóná. Wọn kò pe ẹgbẹ́ náà mọ́.

Ìrìnàjò South Africa tí kò lọ

Ní oṣù Keje ọdún náà, The Byrds wà ní London, wọ́n ń múra láti lọ kọrin ní South Africa. Parsons sọ pé òun kò lọ. Ó ní òun kò ní kọrin ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà. Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀rẹ́, wà lára àwọn tó là á yé e bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀. Chris Hillman, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú The Byrds, kò gbà pé ìdí nìyẹn. Ó gbà pé Parsons kàn fẹ́ dúró ti àwọn Rolling Stones ni.

Ó ṣeé ṣe kí ìdí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ọmọ Georgia ni, ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìlú tí wọ́n ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ó sì tún jẹ́ ẹni tí ọ̀rẹ́ tuntun tètè máa ń wọ̀ lójú. The Byrds lọ láìsí i. Wọ́n ti ṣèlérí fún wọn pé dúdú àti funfun yóò jọ jókòó gbọ́ orin wọn. Ìlérí náà kò ṣẹ.

Hillman bínú, síbẹ̀ kò pẹ́ tí òun náà fi kúrò nínú The Byrds, tí òun àti Parsons sì jọ dá Flying Burrito Brothers sílẹ̀. Àwo wọn, The Gilded Palace of Sin, jáde ní ọdún 1969. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù Nudie Cohn, télọ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn àgbà olórin kọ́ńtìrì, wọ́n sì rán kóòtù aláràbarà. Lára kóòtù funfun ti Parsons, wọ́n fi òwú ya ewé igbó, hóró oògùn àti òdòdó tí wọ́n ń fi ṣe oògùn olóró sí iwájú, àgbélébùú ńlá sì wà ní ẹ̀yìn. Ẹni tó bá wo aṣọ yẹn ti rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí níwájú àti lẹ́yìn.

Àwo náà kò tà púpọ̀. Parsons ń pẹ́ dé ibi eré, nígbà mìíràn kò ní wá rárá torí pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn Rolling Stones. Ní ọdún 1970, Hillman lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá Richards ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí Rolling Stones ti ń ṣiṣẹ́ lórí Exile on Main St. Hẹroíìnì pọ̀ nínú ilé náà bí omi. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí Parsons máa lọ sílé. Ẹni tí inú ilé bẹ́ẹ̀ bá rí bí ẹni tó ti ki àṣejù bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá àwàdà.

Bí wọ́n ṣe ṣe GP

Hillman, ẹni tó lé e, náà ló tún ràn án lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan ní ilé fàájì kan ní Washington, ó sì ní kí Parsons lọ wò ó. Emmylou Harris ni. Ó ti ṣe àwo kan ní ọdún 1969 tí kò mú owó wá, ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú, ó sì ń fi orin alẹ́ bọ́ ọmọbìnrin kékeré kan. Parsons lọ, wọ́n jọ kọrin, ohùn wọn sì bára mu. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá láìsí ìròyìn. Nígbà tó di ọdún 1972, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa bọ̀ ní Los Angeles.

Iléeṣẹ́ Reprise ti gbà láti gbé àwo náà jáde. Merle Haggard, olórin kọ́ńtìrì tí Parsons bọ̀wọ̀ fún jùlọ, ni ó fẹ́ kó ṣe olóòtú rẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n sọ̀rọ̀, Haggard sì yẹ àdéhùn náà. Ó dun Parsons wọra. Hugh Davies, ẹni tó máa ń gba ohùn Haggard sílẹ̀, ló wá bá a ṣiṣẹ́, Rik Grech láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ igbákejì olóòtú fún un.

Ibí yìí ni Elvis ti padà wá. Àwọn tí Parsons kó wá sí sítúdíò ni àwọn tó ń lu ohun èlò fún Elvis fúnra rẹ̀: James Burton tó ń ta jìtá, Glen D. Hardin tó ń tẹ dùùrù, àti Ronnie Tutt onílù. Ọmọ tó jókòó láàárín èrò ní Waycross ti di ọ̀gá tí àwọn olórin Elvis ń bá ṣiṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kò rọgbọ. Parsons máa ń mu ọtí débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó yí i ká jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà, wọ́n ń dé lásìkò, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n ń lọ sílé. Bóyá èyí ló tì í lójú. Ó dín ọtí kù, ó sì dúró ti iṣẹ́ náà títí ó fi parí.

Ohùn Parsons kò lágbára. Ó máa ń gbọ̀n, ó sì máa ń dà bí ẹni pé yóò já ní àárín ọ̀rọ̀. Nínú GP, ibi tí ohùn náà bá ti fẹ́ já gan-an ni ti Harris máa ń wọlé láti òkè, tí yóò gbé e dúró. Lábẹ́ wọn ni jìtá onírin kan tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin wọ́ lórí okùn, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń fà bí ẹni tó ń dárò. Etí Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí i: òun ni Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, nínú àwo Juju Music ti ọdún 1982.

Nínú orin 11 náà, Parsons lọ́wọ́ nínú kíkọ mẹ́fà. Ó yá ìyókù lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì mọ èyí tó yẹ kí ó yá. Streets of Baltimore jẹ́ ìtàn ọkùnrin kan tó ta oko rẹ̀ kí ó lè mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá tó wù ú. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ títí agara fi dá a, iná ìlú ti gba ọkàn ìyàwó, nígbẹ̀yìn ọkọ dá nìkan padà sílé. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ta ilẹ̀ bàbá wọn wá sí Èkó kò nílò ògbufọ̀ fún orin yìí. Nínú How Much I've Lied, ọkùnrin kan jẹ́wọ́ fún obìnrin rẹ̀ pé òpùrọ́ ni òun, kò sì tọrọ àforíjì. The New Soft Shoe mẹ́nu ba Cord, ọkùnrin tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Èyí tó dára jù nínú wọn ni She, tí Parsons àti Chris Ethridge jọ kọ. Ó sọ nípa obìnrin kan láti ilẹ̀ oko apá Gúúsù, tí kò ní nǹkan kan láyé ju ìgbàgbọ́ àti ohùn orin lọ. Dùùrù ló ṣáájú, ohùn Parsons sì rọra tẹ̀ lé e bí ẹni tó wọ ilé ìjọsìn nígbà tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ olóko ọsàn ló ń kọrin yìí nípa ẹni tó ń fi ọwọ́ ro oko. Kò ṣàánú obìnrin náà. Ó ń yìn ín ni.

Àwọn oníròyìn orin kan yin àwo náà, ṣùgbọ́n rédíò kò lò ó. Àwọn tó ń gbé kọ́ńtìrì sáfẹ́fẹ́ rí Parsons bí onírọ́ọ̀kì; àwọn onírọ́ọ̀kì ní kọ́ńtìrì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Odi tó fẹ́ wó ló wó lé e lórí.

Ìmùlẹ̀ níbi òkú

Parsons kó ẹgbẹ́ kan jọ láti fi polówó àwo náà káàkiri Amẹ́ríkà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ burú torí pé wọn kò múra tó, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé Texas, èrò ti ń hó fún wọn. Ní Houston, Neil Young àti Linda Ronstadt gun orí pèpéle wá bá wọn kọrin.

Lẹ́yìn náà ni àjálù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ léra. Ní oṣù Keje ọdún 1973, awakọ̀ kan tó ti mutí yó pa Clarence White, olórin tí òun àti Parsons jẹ́ ọ̀rẹ́. Ilé tí Parsons ń gbé jóná. Ìgbéyàwó rẹ̀ ń tú. Níbi ìsìnkú White, òun àti Phil Kaufman, ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò rẹ̀, bára wọn mulẹ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, kí èkejì gbé òkú rẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀ Joshua Tree, kí ó sun ún níbẹ̀. Parsons fẹ́ràn ibẹ̀ gidigidi.

Ó parí iṣẹ́ lórí àwo kejì, Grievous Angel, ó sì lọ sinmi ní Joshua Tree. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọtí àti mọ́fíìnì pa á ní yàrá kẹjọ ilé ìtura Joshua Tree Inn.

Robert Parsons, ọkọ ìyá rẹ̀, ní kí wọ́n gbé òkú náà wá sí New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Gram kò fi ibẹ̀ ṣe ilé rí. Kaufman rántí ìmùlẹ̀ wọn. Òun àti Michael Martin ni ọkùnrin méjì tó wa ọkọ̀ òkú lọ sí pápákọ̀. Wọ́n da bẹntiróòlù sínú pósí lẹ́bàá àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Cap Rock, wọ́n ṣáná sí i, iná ńlá sọ, wọ́n sì sá lọ.

Iná náà kò jó òkú tán. Nígbà tí ọwọ́ òfin tẹ̀ wọ́n, ilé ẹjọ́ kò rí òfin tó ka òkú ènìyàn sí ohun ìní tí ènìyàn lè jí ní California. Ẹ̀sùn pósí ni wọ́n rí fi kàn wọ́n. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san owó ìtanràn 300 dọ́là, kí wọ́n sì san 708 dọ́là fún pósí tí wọ́n bàjẹ́. Ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá ni Kaufman dúró níwájú adájọ́, ọjọ́ tí Parsons ìbá pé ọdún 27.

Ìyókù òkú náà dé New Orleans nígbẹ̀yìn. Wọ́n sin ín sí ibojì Garden of Memories ní Metairie, nítòsí ìlú náà. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń pe Kaufman ní ọ̀rẹ́ tòótọ́. Ṣùgbọ́n Parsons ní aya, ó ní arábìnrin, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè kí àwọn méjì yìí tó ṣáná sí ẹni wọn.

Grievous Angel jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974. Ipò 195 ló dé lórí àtẹ. Harris padà sí ìdí orin. Ó gba James Burton àti Glen D. Hardin, àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí GP, sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó sì ń kọ àwọn orin Parsons ní gbogbo ibi tó bá dé. Ní ọdún 1977, àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Luxury Liner gba ipò kìíní lórí àtẹ orin kọ́ńtìrì ní Amẹ́ríkà. Orin tó fún àwo náà ní orúkọ ni Parsons kọ́kọ́ gbé jáde pẹ̀lú International Submarine Band ní ọdún 1968, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. She náà wà nínú rẹ̀.